Ẹsẹ̀ Baba Tún-un-wọ̀n

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀, ni mo kọ́kọ́ pàdé baba aránṣọ tó ń gbé lókè yàrá mi. Orí àtẹ̀gùn ló dúró sí, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, aya rẹ̀ sì ń ka iye ìgbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tó kà á dé ẹ̀ẹ̀kẹjọ, baba pariwo pé, "Mẹ́wàá!"

"Ẹ má rẹ́ mi jẹ, Bàbá wọn. Méjì kù."

"Ogójì ọdún ni mo fi wọn gbogbo ayé. Ìwọ ló wá ń wọ̀n mí lónìí!"

Tún-un-wọ̀n ni àdúgbò ń pè é, nítorí kì í ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ó rán apá òsì méjì mọ́ ẹ̀wù kan. Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín, ó ní bóyá baba rí ọwọ́ kan lára òun tí òun fúnra òun kò tíì rí. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló ní kí ó máa rìn, kí ó máa na apá, kí ó máa jókòó kí ó sì máa dìde. "Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ lọ geere ń ṣe ọpọlọ lóore," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí o." Màmá di etí sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ọkọ òun má gbàgbé ilé.

Orúnkún tirẹ̀ kò jẹ́ kó rìn jìnnà, nítorí náà ó bẹ̀ mí kí n máa bá baba rìn láràárọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, èmi ni mò ń dúró dè é. Nígbà tó di oṣù kẹrin, òun ló ń dúró dè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìjàpá ló yá ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Ẹsẹ̀ le, orí kò tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ni a tó rí i ní òdìkejì ìlú, níwájú ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó ti di ibi ìfọmọ́tò. Ó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Bí a kò bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kì bá tí dé ìdajì ọ̀nà yẹn.

Màmá kò wo ojú mi. "Àwa la tọ́ ẹsẹ̀ yẹn dàgbà," ló wí.

Ọmọ wọn ọkùnrin kan àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn níta. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì, ó sì mú kí n ṣèlérí pé, bí màmá kò bá sí nílé, n kò ní ṣí i àfi bí iná bá sọ. Mo ṣèlérí, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àpò.

Ní Ọjọ́bọ̀, màmá lọ fún ìtọ́jú orúnkún. Mo gòkè. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ baba, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú nínú àpò mi, mo kí i. Ìró ẹsẹ̀ náà dúró, baba sì dáhùn láti inú ilé:

"Ẹ kú ìdúró o, ọ̀gá. Ṣé wọ́n tì yín mọ́ ìta ni? Ẹ ní sùúrù. Mò ń bá yín wá kọ́kọ́rọ́."