Ìkúnlẹ̀ Kan Níwájú Ìgbìmọ̀

Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí ẹni tó ti kàwé òfin tán ní yunifásítì máa ń wà kí àyè tó ṣí fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ tí í sọni di agbẹjọ́rò? Bí mo ti kàwé tó, èmi kò bi ara mi rí, àfi ìgbà tí ọmọbìnrin olùwádìí kan wá tọrọ owó ìwádìí lọ́wọ́ àjọ wa ní Àbújá.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo ń gbé ní Lokogoma, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan ìwádìí tí àjọ náà yóò náwó sí. Lọ́jọ́ ìjókòó, agbádá mi a le gbagidi, n ó sì máa wo ara mi bí ẹni pé láìsí èmi, ìmọ̀ yóò kú ní Nàìjíríà. Ohun tí ọmọbìnrin yìí fẹ́ wádìí ti wọ̀ mí lára kí n tó rí i: àwọn wo ní ń tètè rí àyè, àwọn wo ní ń dúró fún ọdún púpọ̀, kí ló sì ń gbé àwọn tó dúró kúrò lójú ọ̀nà iṣẹ́ òfin? Mo ti to ìbéèrè tèmi jọ bí ẹni to iṣu sínú abà.

Ó wọlé. Bí ojú rẹ̀ ti bá tèmi, èmi alágbádá Yorùbá kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá.”

Alága wa, ìyá àgbà kan láti Kánò, bọ́ awò ojú rẹ̀. “Kai! Bàbá, ọmọ yín ni?”

“Rárá o. N kò rí i rí.”

“Ẹni tí kò rí yín rí ló kúnlẹ̀ báyìí? Àwa yòókù ńkọ́, ṣé igi ni wá?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín orí ahọ́n ni. Òfin àjọ wa ni pé ẹni tó bá bá olùtọrọ tan kò gbọdọ̀ bá wọn yàn án. A kò tan. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, ìkúnlẹ̀ náà ni wọn yóò máa rò, wọn kò ní gbọ́ ìwádìí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, kí orí ọmọ má baà wọ́, àgbà ló ní láti kúrò lọ́jà. Mo gbá agbádá mi mọ́ra, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè mi nínú.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Bàbá, ṣé mo bà á jẹ́ ni? Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń nàró kí àgbà.”

“Ìyá rẹ kò jẹ̀bi. Jókòó, jàre. Kí ló gbé ọ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí?”

Ó ní nígbà tí òun gboyè, bàbá òun, télọ̀ ní Durumi, ti rán kóòtù dúdú sílẹ̀ de ilé-ẹ̀kọ́ agbẹjọ́rò. Àyè kò yọ. Lọ́dọọdún ni bàbá náà ń tú ẹ̀gbẹ́ kóòtù kó lè gba ara ọmọ rẹ̀ tó ń sanra. Nígbà tí àyè fi yọ, kò sí aṣọ tó ṣẹ́kù létí kóòtù náà tí wọ́n lè tú mọ́.

“Kóòtù àyálò ni mo wọ lọ, Bàbá. Ẹnìkan nínú àwa tí a jọ gboyè ń ta fóònù ní Kwali báyìí. Mo fẹ́ mọ ibi tí gbogbo wa wọlé sí.”

Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀dọ́ nínú kóòtù dúdú lábẹ́ oòrùn Àbújá, ẹ̀gbẹ́ kóòtù náà ni ojú mi ń kọ́kọ́ lọ, bóyá wọ́n ti tú u rí.

Ìgbìmọ̀ fún un lówó ìwádìí náà. Kò sí ìbò mi nínú rẹ̀.