Àwòrán Mẹ́ta fún Ojú Bàbá Àgbà

Bàbá tó bí ìyá mi ti ń ta obì ní Anyama, ní ìdálẹ̀, kí ìyá mi tó dáyé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n sọ fún wa pé àwọn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kò sì ní bọ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ wọn yóò gbéra. Àwòrán wọn kan ṣoṣo tí a ní ni ti káàdì ìdánimọ̀: ó rí bàìbàì, ojú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Àbúrò mi kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà náà. Mo pinnu pé kì í ṣe àwòrán yẹn ni yóò fi mọ Bàbá àgbà.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí wọ́n ń ya àwòrán ní àdúgbò Siporex, yá mi ní kámẹ́rà wọn, wọ́n sì bá mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Gbogbo ìsinmi ni mo fi ń tẹ̀lé wọn lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà ẹ̀rù kámẹ́rà kò bà mí. Bàbá gan-an ni ó ṣòro, nítorí wọn kò fẹ́ràn kí a ya àwọn rárá.

"Mẹ́ta péré," Bàbá wí, bí wọ́n ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. "Tó bá di ẹ̀kẹrin, mo ti dìde nìyẹn."

Mo súnmọ́ wọn dáadáa, mo tẹ bọ́tìnì. Léǹsì ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò, kò rí ohun kan dì mú. Kámẹ́rà kọ̀, kò ya nǹkan kan.

"Tọ́ntọ̀n, kò mú o!" mo ké sí àbúrò ìyá mi.

"Léǹsì yẹn ti darúgbó. Fi fóònù yà wọ́n, jàre."

"Ta ló darúgbó?" Bàbá bi wọ́n.

Mi ò mú fóònù. Mo wo bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ léǹsì, èyí tó ń jẹ́ kí ó máa fúnra rẹ̀ wá ibi tí yóò ti ríran: ó wà ní àyè rẹ̀. Mo yọ léǹsì, mo fi aṣọ rírọ̀ nu irin ìdí rẹ̀. Kò yí padà. Nígbà náà ni mo rántí pé kò sí ẹni tó lè ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn nímú. Mo fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn, léǹsì sì mú lójú ẹsẹ̀.

Mo ya ọ̀kan. Mo ya èkejì. Nígbà tí mo fẹ àwòrán náà lójú, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá hàn kedere bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹyinjú wọn wà nínú kùrukùru. Kò sí ohun tó ṣe léǹsì. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ kí ó yan ibi tó wù ú.

"Ilà yín ló ń wò, Bàbá."

"Kò burú. Òun náà ni ará ọjà máa ń kọ́kọ́ wò."

Ó ku ẹyọ kan. Mi ò ní fi ta tẹ́tẹ́. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n dìde, mo gbé apẹ̀rẹ̀ obì sórí àga wọn, mo fi obì pupa kan sáàárín àwọn funfun. Mo pàṣẹ fún kámẹ́rà pé ibi kan ṣoṣo ni kí ó máa wò, mo sì gbé àmì kékeré tó wà lójú rẹ̀ lé obì pupa náà. Mo yà á. Obì pupa náà yọ kedere.

"Obì lo wá fi jókòó dípò mi?" Bàbá bi mí.

Tọ́ntọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ó ti rí i."

Bàbá padà jókòó. Mo gbé àmì náà lé ẹyinjú wọn tó súnmọ́ mi jù.

"Bàbá, ẹ wò mí bí oníbàárà tó ń ná obì yín ní ìnákúnàá."

Wọ́n wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Bàbá gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Wọ́n na ọwọ́ jìnnà, wọ́n fà á súnmọ́, wọ́n tún nà án díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí léǹsì ti ṣe, títí wọ́n fi rí ibi tí ojú wọn ti ríran.

"Ẹni yìí ń rí mi," wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé: "Ẹ gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, kí n lè máa rí ẹni tó ń wọlé."

Ibẹ̀ náà ni àwòrán náà wà nílé wa ní Koumassi Remblais. Àbúrò mi ti ń rìn báyìí. Tó bá ti ìta wọlé, Bàbá ni ó máa ń kọ́kọ́ juwọ́ sí.