Ohun Tí Wọn Kò Sọ fún Ìyá Mi

Nígbà tí owó epo gbòde, tí wọ́n ń la títì ńlá gba Òkòkòmáìkò kọjá sí Badagry, èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì kọngílá kan. Bí ọ̀gá mi bá ti ìrìn àjò dé, kí ó tó jókòó ni yóò ti wí pé, "Fill me in." Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n rò ó fún òun látòkèdélẹ̀, kí òun náà lè mọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Bí mo bá fo díẹ̀, inú á bí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú èmi náà.

Lọ́dún náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà n'Íjànìkin, já bọ́ láti orí ilé alájà méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Mùsùlùmí wa. Àwọn ẹbí wá kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá wa nílé ní Ìbá. Ọsibítù ni kí a ní ó wà, títí àwọn àgbà yóò fi ti ìlú wa dé lọ́jọ́ kẹjọ wá túfọ̀ fún un.

Ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná. Láràárọ̀ ni yóò bu ògì gbígbóná sínú fláásì, yóò kó mọ́ínmọ́ín sínú abọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yóò gbà á, yóò sì gbé abọ́ òfìfo bọ̀ nírọ̀lẹ́, á ní ọmọ jẹ ẹ́ tán. Màámi á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú ń bí mi gidigidi, àmọ́ bí mo bá la ẹnu, tí ó ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́ ńkọ́? Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ ilé wa dà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Màámi wọ bàtà, ó ní òun náà ń lọ. Àbúrò rẹ̀ ní dókítà kò gbà. Màámi kọjú sí mi.

"Ìwọ, má purọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi wà láyé?"

Àbúrò rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi.

"Rárá, Màámi. Ọjọ́ tó já bọ́ yẹn náà ló kú."

Kò ké. Àbúrò rẹ̀ ń bú mi, kò dà bí ẹni pé Màámi gbọ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Mò ń tẹ lẹ́tà l'ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti sin ín tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún èmi náà.