Òkìtì Keje

Òkìtì méje ni ìjọba fi lé Ìyá Olókìtì lọ́wọ́, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń gé koríko orí wọn. Dòjé ló fi ń gé e, torí wọn ò gbà kí ẹ̀rọ máa mi àwọn òkú àtayébáyé. Ta ni wọ́n sin síbẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kò ku nǹkan kan ju ilẹ̀ tó wú bí ikùn ẹni tó sùn fọnfọn. Láàárọ̀, tí ìkùukùu bá bo ìdí wọn, wọn a dà bíi pé wọ́n ń léfòó.

Òkìtì keje, tí kò ga ju ìbàdí lọ, ló fi ṣe ibojì ọkọ rẹ̀. Apẹja ni ọkùnrin náà. Òkun gbé e lọ, kò dá a padà. Níbẹ̀ ni ìyàwó ti ń jẹun ọ̀sán, tó ń ròyìn ilé fún un: òrùlé tó ń jò, ọmọ-ọmọ tó hu eyín. Ọmọ wọn obìnrin a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà tí bàbá òun di òkìtì ló tó mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, awọnlẹ̀ ìjọba kan gbé ẹ̀rọ tó ń wo inú ilẹ̀ dé. Ó wo òkìtì keje lẹ́ẹ̀mejì, ó họrí. Ó ní àwọn tó wá wúrà láyé àtijọ́ ló gbẹ́ ihò sórí òkìtì ńlá, èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ síbí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí.

“Màmá, kò séèyàn níbẹ̀.”

“Ọmọ mi, nínú mẹ́fà yòókù, ta lo mọ̀? Èyí nìkan ni mo mọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀.”

Awọnlẹ̀ wo ìwé rẹ̀ títí. Ó ní òfin kì í ṣe tòun, àmọ́ wọn ò tíì kọ ibi tí wọ́n máa da yẹ̀pẹ̀ náà sí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyá fi ń fi bárò kó yẹ̀pẹ̀ òkìtì keje gun òkìtì ńlá, tó ń dà á sínú ihò. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ dé, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá jókòó sórí òkìtì ńlá, ó tú oúnjẹ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ti ní aládùúgbò báyìí. Òun ò mọ orúkọ wọn. Kó jọ̀ọ́ bá òun béèrè.