Àdúrà Tí Màmá Ò Ṣe Àmín Sí

Orí mi wà láàárín orúnkún Màmá, òróró àgbọn sì ti ń ṣàn bọ̀ létí mi. Bí bàálù bá ń kọjá lórí ilé wa ní Mafoluku, Màmá á dáwọ́ dúró títí ariwo á fi lọ, torí wọn kì í fẹ́ kí ohunkóhun já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Wọn ò bá wa tan. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ni wọ́n sì ti máa ń di irun fún gbogbo obìnrin ilé.

Oyún ìyá mi ti ga nígbà náà. Ìkẹta ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí èmi, òun náà ni wọ́n fi bí àbúrò mi. Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa yà kí wọn, ó gbé ọwọ́ lé ikùn wọn.

"Ẹ ó bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Abẹ ò ní kàn yín mọ́ lórúkọ Jésù."

"Àmín," ìyá mi dáhùn tokuntokun.

Màmá kàn ń di irun mi lọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n àmín wọn máa ń ròkè ju tiwa lọ.

"Màmá, ẹ ò ṣe àmín?" ìyá mi bi wọ́n.

"Mò ń dúró de ibi tó kàn mí ni. Ọlọ́run á jẹ́ kí dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ á wà nílẹ̀. Iná ò ní lọ." Wọ́n fúnra wọn wá ṣe àmín. Ẹ̀rín pa mí, wọ́n sì fi òòyà gbá mi lórí.

Ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi fẹ́ bímọ sí, torí ó ti sú wọn kí wọ́n máa la àwọn nínú. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé ibi ọmọ sùn sísàlẹ̀, lórí àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́, pé ó lè kọ̀ kò ní kúrò lọ́jọ́ ìbí, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Màmá nìkan ni ìyá mi sọ fún.

"Ìyàwó," Màmá sọ nígbà tí àlejò lọ, "irú ẹ̀jẹ̀ yẹn dà lára mi nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ karùn-ún ni, ó tóbi, ilé ọmọ mi ti rẹ̀, kò sunkì mọ́. Dókítà yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ká ní wọn ò yọ ọ́, ta ni ìbá máa di irun ọmọ rẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá mi lára. Wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ńlá, àwọn dókítà sì ní ká wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Màmá ló kó àwọn ọkùnrin ilé lọ. Fọganáísà tó ń gbé yàrá iwájú, tó máa ń dá táyà tírélà gbé, rí abẹ́rẹ́, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Màmá jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ọmọdé títí àpò ẹ̀jẹ̀ fi kún.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí pé, bí nọ́ọ̀sì ti sọ náà ló rí. Ibi ọmọ ti wọnú àpá, ẹ̀jẹ̀ dà, wọ́n fa èyí tí àwọn ará ilé wa fi sílẹ̀ sí ìyá mi lára, àwọn dókítà sì yọ ilé ọmọ wọn kí ẹ̀mí má bàa bọ́. Bàbá mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní obìnrin lọmọ, wọ́n sì sọ ìyókù. Ṣe ni àwọn obìnrin ilé ń wojú ara wọn. Wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn kí bàbá mi kú ewu ọmọ ni àbí kí àwọn kí wọn pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú ewu ọmọ," Màmá sọ, wọ́n sì dìde. "Ilé ọmọ ni wọ́n yọ, wọn ò yọ ìyá."

Ni ijó bá bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọdé tẹ̀ lé Màmá títí dé ẹnu ọ̀nà, fọganáísà sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹ̀jẹ̀ òun ló wà lára ìyá mi. Mi ò tíì rí ọjọ́ tó dùn tó yẹn.

Màmá ti dolóògbé. Nítorí wọn, mi ò lè rí aláboyún tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí kí n má bi í léèrè ibi tó fẹ́ bímọ sí, bó bá fẹ́ kó pè mí ní aláṣejù. Láàárọ̀ yìí, ìyá mi pè mí, wọ́n ń bá mi jà pé mi ò pe àwọn láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n jà, wọ́n jà. Mo gbé fóònù sétí, inú mi ń dùn.