Ìkòkò Méjì Lórí Ààrò Kan

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìsìn Ìkórè, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, iná sọ láti inú ìkòkò epo Màmá, ó sì jó etí tapólì tí wọ́n ta sórí ibi ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ àkókò náà nítorí pé àwọn akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ni, agogo mẹ́wàá ni wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ọjà ELWA Junction pẹ̀lú àlùbọ́sà tí Màmá rán mi lọ rà. Òórùn epo tó jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ igbe.

Màmá ló bí ìyá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Caldwell, ní ilẹ̀ Làìbéríà, ni mo dàgbà sí, nínú ilé tí a ti ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja láti orí odò. Old Ma ni àwọn aládùúgbò ọmọ Làìbéríà ń pè é. Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é nínú ìjọ wa, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀. Òun ló máa ń se ọbẹ̀ Ìkórè. Kò ní ipò mìíràn níbẹ̀, kò sì wá òmíràn. Bí Ìkórè bá ti ń sún mọ́lé, a ó lọ yan epo ní ọjà Red Light. Á fi ìka kan epo, á fi kan ahọ́n, á wo ojú ẹni tó ń tà á láìsọ nǹkan kan, títí ẹni náà yóò fi rẹ́rìn-ín, tí yóò sì gbé kẹ́ẹ̀gì mìíràn jáde.

Ọbẹ̀ náà ń fẹ́ epo tí iná ti bó àwọ̀ pupa ara rẹ̀. Màmá á da epo sínú ìkòkò irin, á dé e pa, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, kí afẹ́fẹ́ má bàa mú kó gbiná, títí a ó fi sọ ọ́ kalẹ̀ tí yóò tutù. Imú ló fi ń mọ̀ pé ó tó. Á jókòó sórí àpótí, á dijú, á máa fà á símú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń sùn.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fi yanrìn pa iná orí epo. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin, tí a ń pè ní Mọ́mì, dúró níwájú Màmá. Irun iwájú orí Mọ́mì ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tí iná jó.

"Màmá, ẹ ti sùn lọ."

"N kò sùn."

"Ìgbà wo lẹ gbé epo kaná?"

"Ìgbà tí mo gbé omi ìrẹsì yẹn kaná náà ni. Mo gbé tibí, mo gbé tọ̀hún."

Ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lórí ààrò gígùn kan náà. Ó tóbi ju ti epo lọ, ó sì kún dé ọrùn. Mọ́mì wò ó, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ, ti ọwọ́ bọ omi yẹn. Ṣé ó gbóná?"

"Rárá, mà. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni."

"Ẹ ò gbọ́? Iná kan náà, ìgbà kan náà, epo ti ń jó, omi ò tíì gbóná. Màmá, irọ́ kò yẹ àgbà. Ẹ gbé epo kaná, ẹ sùn, ìgbà tẹ́ ẹ ta jí lẹ sáré gbé omi kaná."

"Màmá sùn, epo jí," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Màmá wò mí. Kò bínú sí mi. Òótọ́ ni mo sọ, ó sì mọ̀. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Èmi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀," ló sọ, "ṣùgbọ́n n kò sùn."

Wọn kò jẹ́ kó dáná nínú ìjọ mọ́. Bí Ìkórè bá dé, wọ́n á fún un ní àga níwájú, ẹnìkan á sì sọ sí i létí pé, "Màmá, ẹ má sùn o." Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nílé, bó bá ń bó epo, kì í dijú mọ́. Á la ojú sí ìkòkò náà títí èéfín yóò fi mú omijé jáde lójú rẹ̀.

Yunifásítì ni mo ti rí ìdí rẹ̀, nínú kíláàsì kẹ́mísírì. Omi ń jẹ ooru púpọ̀ kí ó tó gbóná díẹ̀. Epo kì í jẹun tó bẹ́ẹ̀: bí ìdajì ooru tí omi ń gbà ló tó fún epo tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí àwọn méjèèjì tó gbóná dọ́gba. Inú bí mi débi pé n kò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìyẹn nìkan kò tó. Bí omi àti epo bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, omi ì bá ti fẹ́ máa hó kí epo tó rú èéfín. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá ń da epo, kó tó rán mi níṣẹ́: kò ju ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ. Mo gbé irú rẹ̀, epo díẹ̀ àti omi kíkún, kaná lẹ́ẹ̀kan náà fúnra mi ní Caldwell. Epo rú èéfín. Mo ti ọwọ́ bọ omi, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Èyí kò fi hàn pé Màmá kò sùn. Ohun tó fi hàn ni pé omi náà kò lè pè é ní òpùrọ́, omi náà sì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn tí a sin Màmá, níbi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án, Mọ́mì tún sọ ìtàn náà. "Bí mo ṣe ní kí n yọjú wo epo, mo ṣí ọmọrí báyìí, iná sọ gbù!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ṣí ọmọrí?"

"Ọmọ mi, ó ti pẹ́. Ẹ̀rín la fi ń sin àgbà."

"Ẹ ní Màmá sùn."

"Ṣé kò sùn ni? Ó dijú, mo rí i."

Ìbínú náà ṣì wà lára mi, n kò sì wá ibi tí màá sọ ọ́ kalẹ̀ sí. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí Màmá gbé ìkòkò méjèèjì kaná. N kò rí ọwọ́ tó ṣí ọmọrí. Mo ti ọwọ́ bọ omi náà, iná ń jó dáadáa lábẹ́ rẹ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́.