Ẹni Tó Ń Kágò Lẹ́yìn Pátíṣọ̀n

Mi ò mutí, mi ò sì í ṣe ẹni tí í rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí. Mo ń tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà fi ọ̀rọ̀ mi ṣẹ̀rín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ọ̀sán ló ti ṣẹlẹ̀, oòrùn wà lókè, àwa méjì la sì jọ gbọ́ ọ. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí n kì í sọ ọ́ sókè.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Odòde, ní Ìdànrè níbí. Láti bí ọdún mélòó kan, pátíṣọ̀n ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún mi. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ pín gbọ̀ngàn. Wọ́n á ní àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ jù, àlejò ń yọjú wo ìwé tí kò kàn án, ẹnì kan ń jẹ mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Èmi á wá mú tépù mi, màá lọ.

Sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan wà lábẹ́ òkè, tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ti sọ di ọ́fíìsì. Mi ò ní dárúkọ wọn. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni, ó gùn, òrùlé rẹ̀ ga, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló sì wà níbẹ̀, tábìlì fara kan tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ ti iwájú lọ sẹ́yìn, àárín wọn ni yóò gbà, yóò sì kágò.

“Àgò o.”

“Àgò yà.”

Wọn kì í gbójú sókè dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo lọ wọn ibẹ̀, èmi náà dáhùn tó ìgbà mẹ́wàá lórí ìdúró. Mi ò wo ojú ẹni tó ń kágò. Ta ní í wò ó?

Máníjà wọn, obìnrin kan tó ń ti Owena wá síbi iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù, ló pè mí.

“Ọ̀gá káfíńtà, mo fẹ́ kí kálukú ní yàrá tiẹ̀. Ariwo yìí ti sú mi.”

Mo ní, “Màdáàmù, a ò ní fi pákó dí i dókè o. Ẹ jẹ́ kó dé èjìká, ká fi gíláàsì lé e, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè kárí, kí afẹ́fẹ́ fáànù sì rí ibi gbà. Àwọn tó ń gbàlejò, ẹ fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń kọ̀wé, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn.”

Ó gbà. Yàrá kan péré ló ní kí n fi pákó dí dé òkè, kí n sì fi kọ́kọ́rọ́ sí. Yàrá Bímpé ni.

Bímpé ló ń tọ́jú fáìlì oko àwọn àgbẹ̀, ìwé tó ń sọ ibi tí oko lágbájá parí sí àti ibi tí ti lámọ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn gbayawu yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni fáìlì ti sọnù lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún un ní kúẹ̀rì. Wọ́n ti sọ fún un pé tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀, kò sì níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Nígbà tí mò ń wọn yàrá náà, ẹ̀yìn mi ló wà.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kí èèrà má ráyè wọlé.”

“Afẹ́fẹ́ tí wàá máa mí ńkọ́?”

“Màá máa mí nílé.”

A jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ tẹ́ igi ìsàlẹ̀, mo rí i pé sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà jìn láàárín, bí ojú ọ̀nà oko ṣe í jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ó la gbọ̀ngàn já, ó sì lọ parí sí ìdí ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́yìn, èyí tó ṣí sí àgbàlá tí wọ́n ti ń sá kòkó láyé àtijọ́. Ẹsẹ̀ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn alágbàṣe tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ń gbé àpò kòkó gba ibẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Èmi náà kéré nígbà náà, mo rántí wọn.

Ilẹ̀kùn irin yẹn ti bọ́ sínú yàrá Bímpé báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ilẹ̀kùn yàrá náà sí, pátíṣọ̀n mi sì dá ojú ọ̀nà náà ní ìbú. Mo po sìmẹ́ńtì, mo dí ibi tó jìn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo wọn ń dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè. “Ìwọ lo kọjá lẹ́ẹ̀kan?” “Èmi kọ́ o.” Kálukú wà ní yàrá tiẹ̀, kálukú ń gbọ́ ẹni tó ń kágò kọjá, wọ́n á wo inú gíláàsì, wọn ò ní rí ẹnì kankan. Ṣé ó yé yín? Nígbà tí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, oníkálukú rò pé ohùn ẹlòmíràn ni. Kò sẹ́ni tó ka iye ohùn tó ń kágò rí.

Bímpé ló pè mí lórí fóònù.

“Bọ̀dá, ẹ wá wo pátíṣọ̀n yín. Ó ń mì.”

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo débẹ̀. Màdáàmù àti àwọn yòókù ti lọ sípàdé àwọn àgbẹ̀, Bímpé nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo tẹ pákó náà wò, ó le gbagidi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìṣó sẹ́nu, mò ń wo ìsàlẹ̀.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán, tí kò wọ bàtà, ó ń rọra bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé nǹkan tó wúwo. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó dúró lódìkejì pákó, níwájú orí mi gan-an.

“Àgò o.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ni. Mo yọ ìṣó lẹ́nu, mo ní, “Àgò yà.”

Bímpé di apá aṣọ mi mú. “Ẹ má dáhùn,” ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

“Mo ti dáhùn.”

Pákó náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Díẹ̀díẹ̀ ni o, bí ìgbà tí èèyàn bá fi èjìká tì í. Àwọn ìṣó rẹ̀ ń ké ṣín-ín-ṣín-ín. Òórùn kòkó gbígbẹ gba yàrá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ kòkó kan ní àgbàlá yẹn láti ọdún pípẹ́.

“Ẹ ní àgò yà,” ni ohùn náà wí. Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. “Ibo ni kí n gbà?”

Bímpé ni mo wò.

“Ẹ ṣí i fún un,” ló wí.

“Iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Tí mo bá lu ibí yìí, yàrá rẹ ò ṣeé tì mọ́.”

“Bọ̀dá, ẹ ṣí i ná.”

Mo mú ayùn. Mo fi ìkánjú gé e, ìlà rẹ̀ wọ́. Bí mo ṣe yọ pákó náà, kò sí ẹnì kankan lódìkejì. Atẹ́gùn kan gba àárín àwa méjèèjì kọjá, ó gbóná bí ara èèyàn. Ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn tí Bímpé fi kọ́kọ́rọ́ tì ṣí fúnra rẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ náà mọ́.

Kí Màdáàmù tó dé, mo ti fi ilẹ̀kùn kékeré sí ihò náà, mo fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i. Mo rò pé ó tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá ilẹ̀kùn kékeré náà àti ilẹ̀kùn irin ní ṣíṣí sílẹ̀. Fáìlì kankan ò sọnù. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bákan náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màdáàmù kọ kúẹ̀rì kẹta: ta ló ń ṣí yàrá ìwé? Kí ni Bímpé fẹ́ kọ sí i?

Mo lọ bá Màdáàmù. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, mo ní kọ́kọ́rọ́ tí mo rà ò dáa.

“Ọ̀gá, ẹ ò mọ irọ́ pa,” ló wí. Àmọ́ ó fa kúẹ̀rì náà ya. Ó mú káfíńtà mìíràn wá, ìyẹn fi pákó dí ilẹ̀kùn kékeré mi pa, bíríkìlà sì fi búlọ́ọ̀kù dí ti ẹ̀yìn. Yàrá náà wá le bí Bímpé ṣe fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa Bímpé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ó ṣì ń kágò?”

“Rárá, Bọ̀dá.”

“Ó ti lọ nìyẹn.”

Ó rù gan-an.

“Kò lọ. Kò rí ibi gbà. Ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.”

Mi ò bi í bóyá ó ń rí i. Ìdáhùn rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tó ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó juwọ́ sí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pín gbọ̀ngàn yín, mi ò ní kí ẹ má pín in. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe káfíńtà, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ẹ ka ohùn tó ń kágò, ẹ sì ka orí tó ń kọjá. Bí ohùn bá fi ọ̀kan ju orí lọ, ẹ má dí ibẹ̀.